Ẹ̀yin Lẹ́pa Ẹgbẹ́ Mi: Ohun Tó Ṣeé Yí Padà Lára Yín àti Èyí Tí Kò Ṣeé Yí Padà

Àtikékeré ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé mo ń jẹun ṣá. Mo ń jẹun o, mo tiẹ̀ ń jẹ ju àwọn tó ń bi mí lọ (àbí bó ṣe rí lójú mi nìyẹn nígbà yẹn, a ṣì máa padà sórí ẹ̀). "Atẹ́gùn máa gbé ẹ lọ́jọ́ kan," "egungun tó ń rìn," "ṣé wọn kì í fún ẹ lóúnjẹ nílé ni," kò sí èyí tí mi ò tíì gbọ́, ẹni tó ń sọ ọ́ á sì tún máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó ń yìn mí. Àwọn òròbò náà ń gbọ́ tiwọn, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì máa ń tijú díẹ̀ kó tó sọ ọ́ sí wọn lójú, tiwa ni wọn kì í tijú ẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 23, mo ga tó mítà 1.66, mo wọn kílò 47, mo sì ti gbìyànjú gbogbo ìranù tẹ́ ẹ lè ronú kàn: oògùn olómi, oògùn oníhóró, fóòmù tí wọ́n ń kì sábẹ́ ṣòkòtò, jíjẹ oúnjẹ òru títí inú á fi máa run mí. Ohun tó wá jẹ́ kí n sinmi kì í ṣe pé ẹnì kan sọ fún mi pé mo rẹwà. Ìgbà tí mo pín ara mi sí ọ̀nà mẹ́ta lojú mi là: egungun, ọ̀rá àti mọ́súlù, ìyẹn ẹran tó lágbára tó lẹ̀ mọ́ egungun tá a fi ń gbé nǹkan. Egungun ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀rá máa ń gbọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá wù ú ló ń lọ. Mọ́súlù ló ń gbọ́ràn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tẹ́ ẹ ń bá jà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdajì wàhálà ti tán.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àbímọ́ ni àbí àìsàn

Ẹ má fo ibí yìí o, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín fẹ́ sáré lọ síbi ìdí àti ìbàdí.

Ẹ wọn ara yín ní kílò, ẹ wọn gíga yín ní mítà. Ẹ fi gíga yẹn ṣe ìlọ́po ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi èsì ẹ̀ pín kílò yín. Ẹni tó ga tó mítà 1.65 tó sì wọn kílò 52, 1.65 lọ́nà 1.65 jẹ́ 2.72, tẹ́ ẹ bá fi pín 52, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 19.1. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé 18.5 sí 24.9 ló dáa fún àgbàlagbà, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 18.5 wọ́n kà á sí pé ó kéré jù. Ìgbà tí mo ṣe tèmi, 17 ló gbé jáde, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Kẹ́ ẹ tó sunkún tiyín: onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Adolphe Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé ìṣirò yẹn kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1832, kì í ṣe dókítà, ọ̀pọ̀ èèyàn lápapọ̀ ló ń wò, kò fi wo aláìsàn kan ṣoṣo rí. Nọ́ńbà yẹn ò mọ bí egungun yín ṣe tóbi tó, kò mọ̀ bóyá mọ́súlù ni àbí ọ̀rá. Àwọn kan wà tí tiwọn ò tó 18.5 láti ọjọ́ tí wọ́n ti dàgbà, ara wọn sì dá ṣáṣá. Báwọn dókítà ṣe ń mọ irú wọn ni pé kílò wọn kì í lọ kì í bọ̀ láti ọdún pípẹ́, nǹkan oṣù wọn ń wá déédéé, wọ́n lágbára láti ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n ń jẹun láìbẹ̀rù oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá sì wo ìyá wọn tàbí àwọn àǹtí wọn ẹ máa rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ti gé wọn jáde.

Èyí tó yẹ kó gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rù láìṣe nǹkan kan, tó wá tó ìdá 5 nínú 100 ara yín láàárín oṣù 6 sí 12 (ẹni tó wọn kílò 60 tó di 57, ó lè má jọ nǹkan kan lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ó tó), ẹ lọ. Tí nǹkan oṣù ò bá wá fún oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe oyún, ẹ lọ, torí ara tó ti dá nǹkan oṣù dúró nítorí àìtó oúnjẹ ti ń jẹ egungun yín lábẹ́lẹ̀. Tí àyà yín bá ń lù kìkì, tí ooru ń mú yín nígbà tí òtútù ń mú àwọn ẹlòmíì, tọ́wọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ ní kí wọ́n yẹ thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lọ́rùn yín, wò. Òùngbẹ tí kò dáwọ́ dúró àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Ikọ́ tó pẹ́ àti òógùn òru, ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Aràn inú náà wà níbẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà wà níbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé oúnjẹ gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà yín, tẹ́ ẹ ń ka gbogbo òkèlè, tẹ́ ẹ ń fipá bì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí tì, ẹ lọ bá ẹni tó ń tọ́jú irú ẹ̀, torí àìsàn ni, ó sì ń gbẹ̀mí.

Ohun tí egungun ti pinnu fún yín

Bí egungun ìbàdí yín ṣe fẹ̀ tó, bí èjìká yín ṣe rí, bí egungun ìhà yín ṣe gùn tó, kò sí oúnjẹ tàbí eré ìdárayá tó lè yí i padà. Ihò kékeré tó máa ń wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, tí gbogbo èèyàn ń wá bí wọ́n ṣe máa dí i, bí egungun ìbàdí ṣe so mọ́ tìtan ló fà á. Mo fi oṣù mẹ́fà gbé ẹsẹ̀ sókè sódò torí ẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rá ń lọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ìdílé àti hómóònù (èròjà inú ara tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) ló ń pín in. Ẹ ò lè jẹun kẹ́ ẹ ní ìdí ni kó lọ. Wọ́n ti wo àwọn ìbejì tó jọra, tó jẹ́ pé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà, síbẹ̀ ara wọn ṣì jọra gan-an ní sísanra àti títinrin, ìyẹn ni pé ohun tẹ́ ẹ bá wáyé lágbára ju ìkòkò ilé tẹ́ ẹ ti jẹun lọ.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ti ọdún 1999, nílé ìwòsàn Mayo Clinic lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n kó èèyàn 16 jọ tí wọn ò sanra jù, wọ́n fi kálórì 1,000 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) kún oúnjẹ wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Gbogbo wọn ló jẹ àjẹjù kan náà. Nígbà tó parí, ẹnì kan ò tiẹ̀ kó ọ̀rá tó ìdajì kílò, ẹlòmíì kó ju kílò 4 lọ. Kí ló fà á? Àwọn tí kò kó ọ̀rá yẹn, bí wọ́n ṣe ń jẹ àfikún oúnjẹ ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí: wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́, wọ́n ń mi ẹsẹ̀, wọ́n ń dìde, wọ́n ń rìn kiri, láìmọ̀. Ìgbà tí mo kà á tán ni mo wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Ó ń mì.

Ní jíìmù wọ́n á máa pe irú wa ní ectomorph. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Sheldon ló mú orúkọ yẹn wá láwọn ọdún 1940, òun náà ló sọ pé ìrísí ara ló ń sọ ìwà èèyàn, ìyẹn ni sáyẹ́ǹsì ti dà nù. Ẹ lè fi orúkọ yẹn ṣe àdàpè, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi tà yín ní "oúnjẹ àkànṣe fún ectomorph," owó ló ń wá.

Ta ló fẹ́ ẹ, ẹ̀yin àbí àwọn?

Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fẹ́ràn ara yín, ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ńṣe ni inú máa ń bí i sí i. Ohun tí mo ṣe nìyí: fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ìgbà tó bá ti wá sí mi lọ́kàn pé "ara mi ò dáa," mo máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú sínú fóònù. Kì í ṣe ohun tí mo rò o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Nígbà tó yá mo kà á. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé mo ń wo fọ́tò àwọn èèyàn lórí fóònù, tàbí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta wà tó jẹ́ pé mo gbé nǹkan tí kò wúwo tí mi ò lè gbé e, tàbí mo gun àtẹ̀gùn kí n máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ni tèmi, ìyókù tàwọn èèyàn ni.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo tiyín ló jẹ́ tàwọn èèyàn, apá tó kàn ló kàn yín, ẹ lè fo ti irin, ìyẹn gbígbé ohun tó wúwo kí mọ́súlù lè dàgbà. Tó bá pa pọ̀ bíi tèmi, ẹ ṣe méjèèjì. Kò sí òfin tó ní ẹni tó gba ara ẹ̀ bó ṣe rí ò gbọ́dọ̀ gbé irin.

Gbígbé inú ara tẹ́ ẹ ní báyìí

Aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ dá wa lóró. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni pé ká wọ aṣọ ńlá kó lè bo tinrin, aṣọ ńlá yẹn ló wá ń jẹ́ ká dà bí igi tí wọ́n sá aṣọ sí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kó mú un wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní èjìká àti níbi ìbàdí, ibi mẹ́ta yẹn ti tó. Aṣọ tó le díẹ̀ máa ń dúró fúnra ẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ egungun. Síkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́po, aṣọ méjì lórí ara wọn, gbogbo ẹ̀ ló ń fi kún èèyàn lójú. Ẹ wọn ara yín fúnra yín kẹ́ ẹ tó ra kọ́mú, ọ̀pọ̀ lẹ́pa ló ń wọ èyí tó fẹ̀ jù láyìíká tí ife ẹ̀ sì kéré jù.

Àwọn nǹkan tẹ́nikẹ́ni kì í sọ: àga líle máa ń dùn wá nídìí, torí kò sí tìmùtìmù láàárín egungun àti àga, ẹ mú tìmùtìmù kékeré dání láìtijú. Òtútù tètè ń mú wa, ọ̀rá ló ń bo èèyàn mọ́ra. Oògùn kan náà tàbí ọtí kan náà lè ṣiṣẹ́ lára wa ju ti ẹni tó tóbi lọ, kẹ́ ẹ tiẹ̀ rántí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn. Fún àgbàlagbà, mi ò kì í jà, mà á ní "Mò ń jẹun mà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bi mí," mà á sì yí ọ̀rọ̀ padà sórí ara tiwọn, "ẹsẹ̀ yín tó ń dùn yín ńkọ́?" Wọ́n á gbàgbé tèmi kíá. Fún ẹgbẹ́ mi, mo máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìdákọ́ńkọ́, láìsí èrò, pé "Mi ò fẹ́ràn kó o máa sọ̀rọ̀ nípa ara mi, jọ̀ọ́ fi sílẹ̀." Tó bá tún sọ ọ́ níwájú èrò, mà á dákẹ́, mà á wò ó lójú títí ara ẹ̀ fi máa ta. Ó máa ń ta wọ́n. Ní ti fóònù, gbogbo ẹni tí mo bá ti wo fọ́tò ẹ̀ tó sì ń mú mi lọ síwájú dígí, mo ti yọ wọ́n kúrò, kò sí ìjà láàárín wa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹran kún un: oúnjẹ

Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, títí kan ohun tẹ́ ẹ mu. Ibí ni àṣírí mi ti tú. Èmi tí mo ní mo ń jẹ ju gbogbo èèyàn lọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé mo lè jẹ abọ́ ńlá kan lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ilé á sì rí i, kí n wá fi búrẹ́dì ẹyọ kan gba ọjọ́ Mọ́ńdè títí dalẹ́ láìmọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi kún un ò pọ̀, kálórì 300 sí 500 lójúmọ́. Ẹ má lọ jẹ ìlọ́po méjì, inú yín ò ní gbà á, ẹ máa pa á tì lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ wá ohun kékeré tó kún: síbí òróró ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan tó 170, ife wàrà ọlọ́ràá kan tó 150, ẹyin kan tó 70. Ẹ da òróró sórí ẹ̀wà, ẹ lọ ẹ̀pà mọ́ wàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ́ ẹ mu ún, mímu ò kì í tètè yó èèyàn bíi jíjẹ. Ẹ jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún níwọ̀nba, ẹ fi ago ránnilétí sínú fóònù torí lẹ́pa gidi kì í rántí pé ebi ń pa òun. Ẹ má mu omi kún inú kẹ́ ẹ tó jẹun.

Púrótéènì ló máa ń di mọ́súlù. Ìwọ̀n tó bójú mu fún ẹni tó ń gbé irin ni nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ẹni tó bá wọn 50 á wá 80. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6, ẹja, ẹran, ẹ̀wà, wàrà ni ẹ máa fi kó ìyókù jọ. Ẹ wọn ara yín láàárọ̀ lẹ́yìn ìtọ̀, ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kan wé ti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má wo ti ọjọ́ kan, torí omi tó máa ń kún ara nígbà nǹkan oṣù máa tàn yín. Ìdá kan nínú mẹ́rin kílò sí ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti dáa. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ikùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ti rí lẹ́pa tó jẹ àjẹjù láìgbé nǹkan kan, ẹsẹ̀ wà bó ṣe wà, ikùn nìkan ló dàgbà.

Irin ló ń gbẹ́ ara

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín, torí ìgbà ìsinmi ni mọ́súlù ń dàgbà. Ohun mẹ́rin péré: jíjókòó-dìde tí wọ́n ń pè ní squat, ó ń kọ́ itan àti ìdí, hip thrust, ẹ gbé ẹ̀yìn lé etí àga, ẹ gbé irin lé ìbàdí, kẹ́ ẹ fi gìgísẹ̀ ti ara sókè, òun ló ń kọ́ ìdí jù, títẹ̀ síwájú láti ìbàdí pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ẹ̀yìn gbọọrọ, fún ẹ̀yìn itan, àti ti òkè ara, ẹ máa ti ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fa irin wá sí ìhà. Ẹ má fojú kéré ti òkè o. Èjìká àti ẹ̀yìn tó bá fẹ̀ díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìbàdí dà bí èyí tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fọwọ́ kan ìbàdí.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe é 8 sí 12, ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí tó kẹ́yìn bíi méjì gbọ́dọ̀ nira. Tẹ́ ẹ bá ti lè ṣe 12 ní ìrọ̀rùn, irin yẹn ti fúyẹ́ fún yín, ẹ fi kún un. Ibí lọ̀pọ̀ obìnrin ti ń fi ọdún méjì ṣòfò, kílò 3 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ ò bá ní jíìmù, báàgì àgbékẹ́yìn àti ìgò omi: lítà kan jẹ́ kílò kan, ẹ máa fi ìgò kan kún un bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ.

Oṣù àkọ́kọ́ ẹ máa lágbára sí i, dígí ò sì ní sọ nǹkan kan, torí pé iṣan tó ń darí mọ́súlù ló kọ́kọ́ ń gbọ́n. Ó di ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ojú tó rí i. Ẹ ò ní di ọkùnrin, hómóònù tó ń ṣe ìyẹn kéré púpọ̀ lára wa. Títi ilẹ̀ ò ní mú ọyàn tóbi, ọ̀rá àti ẹ̀ya tó ń ṣe wàrà ló wà níbẹ̀, mọ́súlù abẹ́ ẹ̀ nìkan lẹ máa kọ́. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń fún mọ́ ikùn, ẹ gbé e jù síbì kan. Ẹ sùn wákàtí 7 ó kéré tán.

Ẹ má fọwọ́ kàn án

Ọ̀pọ̀ oògùn olómi tí wọ́n ń tà pé ó ń mú èèyàn sanra, cyproheptadine ló wà níbẹ̀. Oògùn ara yíyún àti kátá ni, ó ń mú ebi wá lóòótọ́, ó sì ń mú oorun wá. Mo ti sùn níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀, nígbà tí mo sì dáwọ́ dúró kílò yẹn bá tiẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni dexamethasone, oògùn steroid tí wọ́n ń lò fún ara wíwú. Ojú á wú bí òṣùpá, ẹ máa rò pé ẹ ti sanra, omi àti ọ̀rá ni, ó ń jẹ mọ́súlù, ó ń jẹ egungun, ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga. Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì, ó lè pààyàn, dókítà ló máa bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ silicone sídìí, rárá. Ní ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rá láti ikùn lọ sídìí, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ tó gbé ìròyìn jáde lọ́dún 2017 fojú bù ú nígbà yẹn pé ó lè tó ẹnì kan nínú 3,000 tó ń kú, nígbà tí ọ̀rá bá wọ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó sì gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́pa tiẹ̀ ni wá, ọ̀rá wo ni wọ́n fẹ́ fà?

Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ibi tó tẹ́ yín lọ́rùn

Ẹ lè dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, irin yẹn ṣáà gbọ́dọ̀ wúwo bó ṣe wà, mọ́súlù ò ní lọ. Ọdún tó kọjá mo ṣàìsàn, mi ò fọwọ́ kan irin fún oṣù mẹ́rin, kílò 2 lọ, ṣùgbọ́n kò gbà mí tó oṣù méjì kó tó padà wá, ohun tó gba ọdún kan nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ máa fi téèpù wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ kan náà lẹ́yìn nǹkan oṣù, ó ń sọ òótọ́ ju sikéèlì lọ. Mo wọn kílò 54 báyìí. Ìdí mi ti fi sẹ̀ǹtímítà 5 lé, itan mi fi 3 lé, ihò ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi ṣì wà níbi tí mo bá a, ẹsẹ̀ mi ṣì ń mì lábẹ́ tábìlì bí mo ṣe ń tẹ èyí.